Ẹni tó dín ẹ̀bà kù, kó má sá fún ọ̀rá wàrà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, àwọn tó ń dín ẹ̀bà, àmàlà, tùwó àti búrẹ́dì kù ti ń pọ̀ sí i. Ìtọ̀ ṣúgà ló lé àwọn kan débẹ̀, ikùn tó yọ síta ló lé àwọn mìíràn. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ẹ̀bà kúrò nílẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé wàrà kúrò pẹ̀lú, wọ́n ní ọ̀rá rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n á wá lọ ra mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ti fa ọ̀rá rẹ̀ yọ, wọ́n á fi yógọ́ọ̀tì aládùn inú ike lé e, wọ́n á sì máa yọ̀ pé àwọn ń tọ́jú ara. Ṣúgà tí wọ́n ń sá fún ló kúkú wà níbẹ̀.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ ná. Nínú Bíbélì, tí wọ́n bá ní ilẹ̀ tó ń ṣàn fún wàrà àti oyin, mílíìkì tútù ni wàrà tí wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ dé Ọjà Ọba ní Ìlọrin kí ẹ ní ẹ fẹ́ ra wàrà, wọ́n á ṣí igbá fún yín, ẹ ó rí i rìbìtì-rìbìtì nínú omi rẹ̀, funfun báláú. Èdè ọjà Ìlọrin ni mo ń sọ nínú lẹ́tà yìí: mílíìkì ni èyí tó jáde lára màlúù, wàrà ni èyí tó ti dì, nùnú ni èyí tó ti kan.

Mílíìkì ní ṣúgà tirẹ̀ látilẹ̀wá. Lakitóòsì ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń tó bíi gíráàmù 5 nínú 100. Ife ńlá kan, ìyẹn mìlílítà 250, ti gbé bíi gíráàmù 12 dání kí ẹnikẹ́ni tó bu ṣúgà sí i. Inú omi mílíìkì ni ṣúgà yìí wà, kò sí nínú ọ̀rá rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá fa ọ̀rá kúrò, ṣúgà ò ní bá a lọ, ńṣe ni yóò jókòó síbẹ̀, tí ìpín tirẹ̀ á sì máa gbòòrò. Ẹ yí ẹ̀yìn páálí mílíìkì lẹ́búlẹ́bú wò. Èyí tó pé, tí ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 26 sí 28 nínú 100, ṣúgà rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 38. Èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ tán máa ń gbé bíi 52. Ẹni tó ní òun ń sá fún ọ̀rá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ṣúgà nílé. Omi ló yẹ kéèyàn fà kúrò, bí àwọn tó ń ṣe wàrà ti ń ṣe é: ṣúgà á bá omi lọ, ọ̀rá àti purotéènì á kù sílẹ̀.

Kí ẹ lè mọ bí gíráàmù wọ̀nyí ṣe wúwo tó: àwọn tó ń dín sítáàṣì kù sábà máa ń fi gíráàmù 130 tàbí kó kéré sí i ṣe òdiwọ̀n ọjọ́ kan, sítáàṣì àti ṣúgà lápapọ̀. Àwọn tó le jù láàárín wọn á sọ ọ́ di 50, àní 20. Gàrí gbígbẹ gíráàmù 100 nìkan ti ju 80 lọ.

Nùnú ló ń rú èèyàn lójú jù. Wọ́n gbà pé mílíìkì màlúù gidi ni, tọ̀rátọ̀rá. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá Fúlàní nínú gáà, ìyẹn àgọ́ àwọn darandaran (gáà yìí náà ló wà lórúkọ àwọn àdúgbò bíi Gáà Àkàńbí) mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n á jẹ́ kí mílíìkì sùn mọ́jú, ọ̀rá á léfòó, wọ́n á bù ú kúrò, wọ́n á mì ín nínú kèrègbè títí á fi di bọ́tà, èyí tí wọ́n ń yọ́ di mán ṣáánú, tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Ohun tó kù ni nùnú. Èyí tí wọn ò bu ọ̀rá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kíndìrímò. Ó máa ń dì bí ògì tó ti silẹ̀, awọ ọ̀rá fẹ́lẹ́ tó pọ́n díẹ̀ á sì tẹ́ sórí rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ohun tí yóò dúró nínú yín títí di ọ̀sán láìjẹ ẹ̀kọ, kíndìrímò ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀.

Kíkan tó kan yẹn, àwọn kòkòrò tíntìntín inú rẹ̀ ló jẹ lára ṣúgà náà. Wọn kì í jẹ ẹ́ tán o. Ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú mẹ́ta ló sábà máa ń lọ, nítorí náà ife kíndìrímò kan ṣì ní bíi gíráàmù 8 sí 9. Kò pọ̀ jù. Fùrá ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Jéró ni fùrá, sítáàṣì sì ni jéró. Ẹni tó fọ́ fùrá méjì sínú nùnú, tó tún bu ṣúgà ṣíbí mẹ́ta lé e, ẹ̀kọ ló mu, kó má tan ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi tí wọ́n ń dà sí mílíìkì náà tún ń bẹ, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tajà ló ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Àwọn kan ní lakitómítà, gíláàsì gígùn tó ń léfòó nínú mílíìkì tí nọ́ńbà wà lọ́rùn rẹ̀. Mílíìkì tó dára máa ń wà láàárín 1.028 sí 1.034. Omi á fa nọ́ńbà wálẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n bù kúrò á gbé e sókè, nítorí náà ẹni tó bu ọ̀rá tán tó tún da omi sí i lè mú kí lakitómítà sọ pé kò sí wàhálà. Ẹ má gbọ́kàn lé e nìkan. Ẹ da mílíìkì náà sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e sí fíríìjì di ọjọ́ kejì, kí ẹ wo ọ̀rá tó léfòó. Nínú ìgò tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20, bí ìpele ọ̀rá kò bá nípọn tó ìka kan, ẹnìkan ti ṣáájú yín débẹ̀. Ti sítáàṣì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè ki rọrùn jùyẹn lọ. Ẹ se mílíìkì náà, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kí ẹ kán áyódíìnì tí wọ́n ń fi sójú egbò sínú ṣíbí kan rẹ̀, ẹ̀kán méjì péré. Bó bá yí padà bí aró, sítáàṣì ti wà níbẹ̀. Ẹ da èyí tí ẹ dán wò nù. Àwọn mìíràn tún máa ń po lẹ́búlẹ́bú èso oṣè mọ́ nùnú. Èyí kì í pani lára, àmọ́ ó ní ṣúgà tirẹ̀, áyódíìnì sì lè má tú u fó.

Wàrà gan-an ni mo fẹ́ fẹsẹ̀ palẹ̀ lé lórí, torí òun ni ẹni tó ń dín sítáàṣì kù lè fi ṣe ẹran àti ẹ̀kọ pọ̀. Omi tó kù nínú rẹ̀ nìkan ló gbé ṣúgà dání, nítorí náà gíráàmù 100 rẹ̀ sábà máa ń ní gíráàmù 2 sí 3 péré. Bí mílíìkì tí wọ́n fi ṣe é bá pé, ọ̀rá inú gíráàmù 100 yẹn lè tó 15 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé, kó wá mílíìkì tútù lítà 3, tí wọ́n fún láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó sì sẹ́ ẹ. Kó já ewé bọmubọ́mù tútù, bíi méjì sí mẹ́ta fún lítà kọ̀ọ̀kan, kó fọ̀ ọ́, kó gún un, kó fi ife mílíìkì kan fọ oje rẹ̀, kó wá fi asẹ́ tó dí sẹ́ ẹ dáadáa. Kó má fi ọwọ́ tó kan oje ewé yẹn nu ojú rárá, torí ó máa ń ba ẹyin ojú jẹ́. Kó gbé ìkòkò mílíìkì ka iná kékeré títí yóò fi gbóná tó fi jẹ́ pé ìka kò lè pẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì hó. Ìgbà yẹn ni kó da oje ewé sí i. Kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́, kó wá fi orógùn sílẹ̀. Bó bá ń sún mọ́ híhó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pín sọ́tọ̀: èyí tó dì á kó ara rẹ̀ jọ, omi tó pọ́n tó tún fẹ́ ṣe bí ewé díẹ̀ á yọ sí ẹ̀gbẹ́. Kó jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 10, kó wá fi ṣíbí oníhò kó o sínú agbọ̀n kéékèèké tàbí asẹ́, kó jẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù. Lítà 3 yẹn á fún un ní bíi gíráàmù 600.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ò ju mélòó kan lọ. Bí mílíìkì bá ti hó kí oje ewé tó wọ inú rẹ̀, kò ní dì, torí èròjà inú oje ló ń mú un dì, híhó sì ń pa èròjà náà. Ìdí kan náà ló fi yẹ kó hó fún ìṣẹ́jú 10 nígbẹ̀yìn: bí èròjà yẹn kò bá kú, yóò máa jẹ wàrà náà lọ, wàrà á di kíkorò lọ́jọ́ kejì. Ewé tó pọ̀ jù náà á mú un korò, á sì sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, tó ń rò ó ṣáá, á fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ẹ ó rí i pé omi rẹ̀ kò mọ́, ó funfun bí omi ògì, ọ̀rá tí ẹ torí rẹ̀ rà á ló ń bá omi lọ yẹn. Mílíìkì tí wọ́n ti bu ọ̀rá rẹ̀ á dì lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò le bíi rọ́bà, yóò máa dún lábẹ́ eyín. Ti mílíìkì lẹ́búlẹ́bú àti ti inú agolo, iná ilé iṣẹ́ ti jẹ ẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ewé kì í mú un dáadáa. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi ṣe é, ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta fún lítà kan nígbà tó bá ń hó. Yóò rọ̀ ju wàrà lọ, kò ní ṣe é dín, àmọ́ ó máa ń dára nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

Èyí tí ẹ bá rà lọ́jà, ẹ tún un sè fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹnikẹ́ni tó fi kan ẹnu. Wàrà fúnra rẹ̀ ti hó, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n fi rẹ ẹ́ àti ọwọ́ tó ń kó o kò hó. Mílíìkì tí kò kan iná rárá tún léwu jùyẹn lọ, torí ikọ́ àwúgbẹ ara màlúù àti àìsàn ibà kan tí wọ́n ń pè ní burusẹlósíìsì máa ń bá a wọlé. Kíndìrímò náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń se mílíìkì rẹ̀ kó tó jẹ́ kó kan ni kí ẹ ti rà á. Níbi tí kò ti sí fíríìjì, kí ẹ máa se wàrà lójoojúmọ́ kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, kó ti tán nílẹ̀.

Dídín rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ gbá a mú kí omi rẹ̀ jáde, kí ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka méjì-méjì, kí ẹ tún fi aṣọ nù ún. Omi tó bá kù lára rẹ̀ ló ń mú kí epo ta síni lójú. Epo gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kó tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kàn máa mu epo ni. Kì í yọ́ bíi wàrà òyìnbó, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù iná. Ẹ má fi fúláwà bò ó, èyí tí àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báyìí, torí ó ti sọ sítáàṣì tí ẹ gbé jù sẹ́yìn di èyí tó tún gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Nínú ẹ̀fọ́ rírò, ẹ kó o sí i nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 10 kí ọbẹ̀ jinná, kó lè fa ata mu. Wàrà gíráàmù 150 pẹ̀lú àwo ẹ̀fọ́ kan tó sáàrì gan-an, kò sì ní jẹ́ kí ebi pa alááwẹ̀ kánkán bí ìgbà tó bá fi ògì àti àkàrà sáàrì. (Wàrà sóyà tí wọ́n ń dín lẹ́bàá títì, ẹ̀wà ni. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mò ń sọ.)

Ọ̀rọ̀ bọ́tà wá kù. Bí ọmọ Ìlọrin bá rán yín ní bọ́tà, májárínì ló ní lọ́kàn, ìyẹn òróró tí wọ́n mú dì. Bọ́tà gidi, ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá mílíìkì, ṣúgà rẹ̀ kò sì tó nǹkan tí à ń kà. Ẹ gbé méjèèjì sórí àwo nínú ooru oṣù kẹta: bọ́tà á yọ́ sínú àwo kíá, èyí tó bá ṣì nà ró gán-ún-gán-ún, májárínì ni. Ẹni tó bá rí ọ̀rá orí mílíìkì kó jọ tó lítà kan lè ṣe tirẹ̀. Ìdájí ni kó ṣe é, nígbà tí atẹ́gùn ṣì tutù, torí bí ọ̀rá bá gbóná jù kì í kóra jọ, yóò kàn máa yọ̀ rìnbọ̀-rìnbọ̀ ni. Kó mì ín nínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò fún ìṣẹ́jú 20 sí 40. Ìró rẹ̀ á yí padà lójijì, ẹ ó gbọ́ ohun tó ń gbá ara ìgò bí òkúta. Kó da omi rẹ̀ nù, kó fi omi tútù ṣan bọ́tà náà títí omi á fi mọ́, torí èyí tó bá kù nínú rẹ̀ ló ń mú un kan. Bó bá fẹ́ kó di mán ṣáánú tó lè pẹ́ nílẹ̀, kó gbé e ka iná kékeré títí tí yóò fi dákẹ́ títa pàrà-pàrà, tí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀pà yíyan. Kó sọ̀ ọ́ kíá, kó sẹ́ ẹ sínú ìgò gbígbẹ. Ṣíbí tí omi wà lára rẹ̀ ni í bà á jẹ́.

Fún ẹni tí gáà jìnnà sí, mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tó pé tó ọ̀nà láti fi ṣe yógọ́ọ̀tì kíki. Gíráàmù 130 sínú omi mìlílítà 900, kó gbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, kó sì tutù dé ibi tí ìka lè wà nínú rẹ̀ kéèyàn kà dé mẹ́wàá. Ẹ po yógọ́ọ̀tì aláìládùn ṣíbí ìjẹun méjì mọ́ ọn, kí ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó fún wákàtí 6 sí 8. Lẹ́yìn náà ẹ dà á sínú aṣọ òwú, kí ẹ fi kọ́ sínú fíríìjì mọ́jú. Ìdajì rẹ̀ á ro dànù gẹ́gẹ́ bí omi, ṣúgà púpọ̀ á sì bá a lọ. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí kí ẹ tó rà á o: bí ẹ bá rí ọ̀rá ewébẹ̀ tàbí maltodextrin (ìyẹn sítáàṣì ilé iṣẹ́ tó ń yára di ṣúgà), ẹ dá a padà. Mílíìkì àdìdùn inú agolo, ju ìdajì rẹ̀ lọ ni ṣúgà.

Kì í ṣe gbogbo ara ló gbà á bákan náà. Ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá ni mílíìkì tútù máa ń kùn nínú wọn, tó ń sọ wọ́n di onígbẹ́ gbuuru. Wàrà àti kíndìrímò rọrùn fún irú wọn, lakitóòsì inú mán ṣáánú kò sì tó nǹkan tí à ń kà. Ẹni tó ń lo ìnsúlíìnì, tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà bíi glibenclamide, kò gbọ́dọ̀ ti ẹ̀bà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ọ̀sán kan ṣoṣo láìsọ fún dókítà. Oògùn yẹn á máa fa ṣúgà ara wálẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀bà ṣì wà, òòyì, òógùn àti ìgbọ̀nrìrì á sì dé. Kó ní kí dókítà tún òdiwọ̀n oògùn ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ lẹ́nu náà, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí, nítorí purotéènì. Ọ̀rá wàrà máa ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àwọn kan sókè gan-an, nígbà tí tàwọn mìíràn kì í gbéra. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nìkan ló lè sọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín, Olóòtú. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ tẹ oúnjẹ àwọn alátọ̀gbẹ jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn kọ “mílíìkì” síbẹ̀ kí ẹ kọjá lọ. Ẹ kọ wàrà, ẹ kọ nùnú, ẹ kọ kíndìrímò, ẹ kọ ti inú agolo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ gíráàmù ṣúgà síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Òǹkàwé yín,
Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara